Ẹnubodè tí kò ní oníbodè mọ́: ṣé kí oníṣẹ́ kékeré pààrọ̀ Windows rẹ̀?

 

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kan gbogbo ẹni tó ní kọ̀ǹpútà kan, méjì, títí dé mẹ́wàá níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ó kan ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀wé tí ẹ sì ń ṣe fọ́tòkópì lẹ́bàá mairie, ẹ̀yin tí ẹ ń ta oògùn, ẹ̀yin alájọ, ẹ̀yin tí ẹ dá ilé ìwé sílẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń ta símẹ́ńtì àti páànù. Ìbéèrè náà ni pé: Windows 10 ló wà nínú kọ̀ǹpútà yín, ó ń ṣiṣẹ́, ẹ kò rí àléébù kankan lára rẹ̀. Ṣé ó wá pọn dandan kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀?

Èrò tèmi nìyí, n kò ní fi pamọ́ dé ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó ń ta kọ̀ǹpútà bá yín pinnu èyí tí ẹ ó kọ́kọ́ mú. Ẹ̀rọ tó ń gbé owó àti ìwé àwọn ẹlòmíràn, tó tún ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, òun ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀. Àwọn yòókù lè dúró de ọjọ́ tiwọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Windows ni ètò tó ń darí gbogbo nǹkan tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Òun ló ń kọ́kọ́ jí kí a tó lè ṣí Word, òun ló ń bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀, òun náà ló ń mọ ẹni tó yẹ kó wọlé àti ẹni tí kò yẹ. Oṣù keje ọdún 2015 ni Microsoft gbé Windows 10 jáde. Láti ìgbà náà, lóṣooṣù ni wọ́n ń fi àtúnṣe ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ láti dí ihò tí wọ́n bá rí nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, wọ́n ní iṣẹ́ ọ̀fẹ́ yẹn parí. Kọ̀ǹpútà náà kò kú. Ó ṣì ń tàn, ó ṣì ń tẹ̀wé, ó ṣì ń gbé fídíò. Ìtọ́jú rẹ̀ ló dópin.

Ẹni tó bá mọ Kétu mọ Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú náà. Kì í ṣe igi àti amọ̀ nìkan ló ń sọ ẹnubodè di ààbò. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ ni, ẹni tó mọ ojú ará ìlú tó sì mọ ojú àjèjì. Bí oníbodè bá relé tí kò padà wá mọ́, ilẹ̀kùn á ṣì dúró síbẹ̀, ẹni tó ń kọjá lọ á sì máa rò pé ìlú ṣì wà lábẹ́ ààbò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Windows 10 tí kò rí àtúnṣe gbà mọ́. Ojú kò lè rí ohun tó kúrò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kì í dúró sójú kan. Lóṣooṣù ló ń burú sí i. Ọmọ ìyá ni Windows 10 àti Windows 11. Ọ̀pọ̀ nǹkan tó wà nínú ọ̀kan ló wà nínú èkejì. Bí Microsoft bá dí ihò kan nínú Windows 11, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń tú àtúnṣe náà wò kí wọ́n lè mọ ibi tí ihò náà wà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá lọ yẹ Windows 10 wò bóyá ihò kan náà wà níbẹ̀. Bó bá wà níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bá yín dí i. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ̀ ọ́. Ògiri yìí ti ń lanu, aláǹgbá sì ti mọ ibi tó yẹ kó máa wò.

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2017. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta, Microsoft fi àtúnṣe kan jáde tó dí ihò ńlá kan nínú Windows. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, kò tíì pé oṣù méjì, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba ihò náà wọ kọ̀ǹpútà tó lé ní 200,000 ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150. Ó ti gbogbo ìwé inú wọn pa, ó sì ní kí ẹni tó ni wọ́n san 300 dọ́là kó tó lè rí wọn ṣí. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní láti dá aláìsàn padà sílé. Ní Faransé, Renault dá iṣẹ́ dúró ní àwọn kan lára ibi tó ti ń ṣe ọkọ̀. Windows 7 ló wà lórí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ẹ̀rọ tó kó sí i. Àtúnṣe ti wà nílẹ̀ fún wọn. Wọn kò kàn gbà á sórí ẹ̀rọ ni. Ti àwọn tó ṣì ń lo Windows XP tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọdún 2014 ni Microsoft ti dá ìtọ́jú rẹ̀ dúró, nítorí náà kò sí àtúnṣe ọ̀fẹ́ kankan nílẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ tí ogun dé. Ìgbà tí ilé ti ń jó ni wọ́n tó sáré gbé ọ̀kan jáde.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹni tí ìtọ́jú rẹ̀ kò tíì dópin ní oṣù méjì tó lè fi gba ara rẹ̀ là. Ẹni tí ìtọ́jú rẹ̀ ti dópin kò ní ọjọ́ kan. Ipò ẹni kejì yìí ni Windows 10 tí kò gba àtúnṣe mọ́ wà báyìí.

Mo mọ èsì tí ọ̀pọ̀ yóò fọ̀: “Kétu ni mo wà, ṣọ́ọ̀bù kékeré ni mo ní. Kí ni olè òkè òkun fẹ́ wá ṣe lọ́dọ̀ mi?” Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ kì í ka orúkọ tó wà lára pátákó. Ẹ̀rọ ló ń wá ẹ̀rọ. Ó ń kan ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹ̀fọn ṣe ń wá ibi tí nẹ́ẹ̀tì ti ya. Èyí tó bá ṣí, ó wọlé. Ẹ má fi wé àwọn tí a ń pè ní gáímàn níhìn-ín. Àwọn yẹn ní láti bá ènìyàn sọ̀rọ̀, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn án kó tó fi owó ránṣẹ́. Kòkòrò kọ̀ǹpútà kò nílò kó bá yín sọ ohunkóhun.

Ṣé òótọ́ sì ni pé kò sí nǹkan kan lọ́dọ̀ yín? Ẹ lọ wo ojú kọ̀ǹpútà ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé. Ìwé ìbí ọmọ ọlọ́mọ wà níbẹ̀. Ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ wà níbẹ̀. Ìwé ilẹ̀ tí ẹbí kan ń bá ẹbí mìíràn ṣẹjọ́ lé lórí wà níbẹ̀. Ìwé tí ọmọkùnrin kan fi ń wá físà, pẹ̀lú nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù rẹ̀, ṣì wà níbẹ̀ láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, nítorí pé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò rántí pa á rẹ́. Lọ́dọ̀ alájọ, orúkọ gbogbo ìyálọ́jà àti iye tí oníkálukú ti dá wà nínú fáìlì kan ṣoṣo. Lọ́dọ̀ olóògùn, àìsàn tó ń ṣe aládùúgbò yín wà nínú ìwé títà. Bí ìwé wọ̀nyí bá bọ́ sọ́wọ́ olè, tàbí tí wọ́n tì pa lọ́jọ́ tí àwọn alájọ fẹ́ kó owó wọn, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni ìyà náà máa jẹ.

Òfin pàápàá ti rí i bẹ́ẹ̀. Ní Bẹ̀nẹ̀, òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, èyí tí a mọ̀ sí Code du numérique, sọ pé ẹni tó bá kó ìsọfúnni àwọn ènìyàn pamọ́ gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó. APDP ni àjọ tó ń mójú tó o. Ní Tógò, òfin 2019-014 ti ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 2019 ló ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ṣùgbọ́n kí òfin tó dé ni a ti mọ ohun tí àmánà jẹ́ nílẹ̀ wa. Ẹni tó bá fẹ́ fi ohun tirẹ̀ ṣeré, ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Kọ̀ǹpútà yẹn, tiyín ni. Ìwé tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe tiyín nìkan, ìdí nìyẹn tí n kò fi gbà pé ọ̀rọ̀ pé “ó ṣì ń ṣiṣẹ́” ti tó.

N kò sì gba ti àwọn tó wà lódìkejì. Àwọn kan ti fi ẹ̀rù ṣe ọjà. Wọ́n á wọ ṣọ́ọ̀bù yín, wọ́n á ní gbogbo kọ̀ǹpútà yín ti di òkú, kí ẹ ra mẹ́fà tuntun kí oṣù tó parí. Oníṣẹ́ kékeré tó bá yá owó nítorí ìyẹn lè pa iṣẹ́ rẹ̀ kí kòkòrò kọ̀ǹpútà kankan tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kí ẹ tó ná fáráńkì kan, ẹ mú bíírò àti ìwé, kí ẹ to àwọn ẹ̀rọ yín sí ọ̀nà mẹ́ta.

Ọ̀nà kìn-ín-ní: ẹ̀rọ tó ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì tó sì ń gbé owó tàbí ìwé àwọn ènìyàn. Èyí tí ẹ fi ń ṣe facture normalisée, èyí tí ẹ fi ń wo báńkì, èyí tí gbogbo oníbàárà ń fi clé USB bọ̀, èyí tí WhatsApp ṣọ́ọ̀bù wà lórí rẹ̀. Irú èyí kò gbọdọ̀ wà láìsí àtúnṣe. Òun ni kí owó kọ́kọ́ bá.

Ọ̀nà kejì: ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Bíi kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ tó ń ya iṣẹ́ ọnà sára aṣọ, tàbí èyí tó ń bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá kan ṣiṣẹ́ tó jẹ́ pé ètò tó ń lò ti gbó. Ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà, ṣùgbọ́n ẹ yọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì lára rẹ̀, ẹ pa Wi-Fi rẹ̀. Kí ó ní clé USB tirẹ̀ tí kì í lọ sára ẹ̀rọ mìíràn láìjẹ́ pé ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀rọ tí kò jáde síta kò nílò oníbodè tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kẹta: ẹ̀rọ tó ti dàgbà jù fún Windows 11, ṣùgbọ́n tí ẹ ṣì fẹ́ máa fi wọ íntánẹ́ẹ̀tì, kọ lẹ́tà, ka ìwé. Ọ̀nà àbáyọ wà fún un tí kò ní ná yín ní owó ńlá. Màá dé orí rẹ̀ láìpẹ́.

Ní ti ọ̀nà kìn-ín-ní, ohun tí Windows 11 ń béèrè nìyí: ó kéré tán 4 GB ìrántí, 64 GB àyè ìpamọ́, ẹ̀rọ ààbò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, àti ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí kò gbó jù. Ní ti Intel, ìran kẹjọ, tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọdún 2017, ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ní ti AMD, Ryzen 2000 sókè. Bí ẹ̀rọ yín bá bá èyí mu tí Windows 10 inú rẹ̀ sì jẹ́ ojúlówó, ọ̀fẹ́ ni ìgbésókè náà. Microsoft ní ètò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ PC Health Check. Ẹ gbà á sórí ẹ̀rọ, yóò sọ fún yín bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí 4 GB tan yín jẹ. Ó lè gbé e, ṣùgbọ́n ó máa fà bí ìgbín. 8 GB pẹ̀lú dísìkì SSD ni kí ẹ fojú sí, kí ọmọ iṣẹ́ yín má baà máa sùn nídìí ẹ̀rọ.

Bó bá jẹ́ pé tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, èyí tó gba èbúté Kútọnu wọlé, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka nọ́ńbà ọpọlọ rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ i5-6300U sára rẹ̀, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé ìlà kékeré náà ni 6: ìran kẹfà nìyẹn, kò bá Windows 11 mu. Bí ó bá jẹ́ i5-8250U, ìran kẹjọ ni. Bí ó bá jẹ́ i5-1135G7, ìran kọkànlá ni. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ nílẹ̀ Yúróòpù ló ń kó ẹ̀rọ wọn tí kò lè gba Windows 11 dànù, ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò sì ní pẹ́ dé ọjà wa. Yóò máa dán, owó rẹ̀ yóò sì rọ̀. Kí ẹ tó ná an, ẹ bi ara yín léèrè ìdí tí ẹni tó ni ín fi gbé e jù sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ pé “i5 ni, ó lágbára” kò tó. I5 ọdún 2013 àti i5 ọdún 2020 kì í ṣe ẹgbẹ́.

Àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ kan mọ bí a ṣe ń fi ọgbọ́n àyínìke gbé Windows 11 sórí ẹ̀rọ tí kò yẹ. Ó ṣeé ṣe lóòótọ́, àmọ́ Microsoft ti sọ pé òun kò ṣèlérí àtúnṣe fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà tí ọmọ yín fi ń kọ́ iṣẹ́ ni, kò burú. Kí a má fi ṣe èyí tó ń gbé owó.

Ọ̀rọ̀ tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni Windows tí wọ́n jí gbé. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ẹnìkan á mú clé USB wá, á gba owó díẹ̀, á fi ètò kékeré kan já a gbà kí Windows lè rò pé a ti sanwó. Ètò kékeré yẹn sì máa ń ní kí ẹ kọ́kọ́ pa ohun tó ń ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì kí òun tó lè ṣiṣẹ́. Ẹ rò ó dáadáa. Ẹni tó ní kí ẹ so ajá mọ́lẹ̀ kí òun tó wọlé, kí ni ó ń gbé bọ̀? Ó lè jẹ́ pé kò gbé nǹkan kan lọ́wọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ó fi ẹnìkan sílẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹni tó kúrò ní Windows 10 tí kò ní àtúnṣe, tó wá bọ́ sínú Windows 11 tí wọ́n fi ọwọ́ olè ṣí, kò tíì lọ síbì kankan. Lójú tèmi, Windows 10 tí ẹ yọ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì sàn ju Windows 11 olè lọ.

Àwọn kan á béèrè pé, ṣé a kò lè sanwó kí Microsoft máa tọ́jú Windows 10 lọ ni? A lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní ESU. Iye tí wọ́n kéde fún ilé iṣẹ́ ni 61 dọ́là lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan fún ọdún kìn-ín-ní, nǹkan bí 35,000 sẹ́fà. Ọdọọdún ni ó ń di ìlọ́po méjì: 122 dọ́là lọ́dún kejì, 244 dọ́là lọ́dún kẹta, lẹ́yìn náà ó parí ní oṣù kẹwàá ọdún 2028. Ẹni tó bá dé lọ́dún kejì gbọ́dọ̀ san ti ọdún kìn-ín-ní náà. Bí ẹ bá ṣe é dé òpin, 427 dọ́là nìyẹn lórí ẹ̀rọ kan. Ẹ lọ bi iye tí tòkunbọ̀ ìran kẹjọ tó dára ń lọ lọ́jà yín, kí ẹ fi méjèèjì wéra. Fún ọdún kan, tí ẹ bá fẹ́ fi gba ìmí kí ẹ tó rí owó ẹ̀rọ mìíràn, ó bọ́gbọ́n mu. Fún ọdún mẹ́ta, owó ẹ̀rọ ni ẹ ń san fún ẹ̀rọ tí kò ní jẹ́ tuntun láéláé.

Ó ku àwọn ẹ̀rọ ọ̀nà kẹta. Fún wọn, mo dá a lábàá pé kí ẹ yọ Windows kúrò pátápátá kí ẹ gbé Linux sí i, bíi Linux Mint tàbí Ubuntu. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n, ọ̀fẹ́ tí kò ní olè nínú. Ọmọ South Africa kan, Mark Shuttleworth, ló dá Ubuntu sílẹ̀ lọ́dún 2004, orúkọ rẹ̀ sì wá láti inú èdè ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n ní èdè Faransé, wọ́n mọ kíbọ́ọ̀dù AZERTY, wọ́n sì ní LibreOffice tó lè ṣí ìwé Word àti Excel. Èyí tí Ubuntu bá pè ní LTS máa ń gba àtúnṣe ààbò fún ọdún márùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: kì í ṣe ibi gbogbo ló ti bá a mu. Bí ètò ìṣirò owó yín bá jẹ́ ti Windows nìkan, ó ṣeé ṣe kó má ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìwé Word tó ní àtẹ púpọ̀ lè yí díẹ̀ bí ẹ bá ṣí i. Ibi tó ti dára jù ni orí ẹ̀rọ tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti orí wẹ́ẹ̀bù, lẹ́tà kíkọ àti ìwé kíkà. Ẹ lè gbé e sórí clé USB kí ẹ kọ́kọ́ dán an wò láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú ẹ̀rọ.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà, ẹ má kánjú, nítorí ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé yín sí ibi méjì, kí ọ̀kan nínú rẹ̀ má sí nínú ṣọ́ọ̀bù. Kí ẹ tó gbà pé ẹ̀dà náà dára, ẹ ṣí ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú rẹ̀ lórí ẹ̀rọ mìíràn. Àní bí ẹ kò bá tilẹ̀ pààrọ̀ Windows rárá, ẹ ṣe èyí lọ́sẹ̀ yìí. Ẹni tó ní ẹ̀dà ìwé rẹ̀ lè fi ẹni tó ń béèrè 300 dọ́là rẹ́rìn-ín.

Ẹ gbé ẹ̀rọ kan ṣoṣo síwájú. Ẹ wò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì: ṣé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń gbọ́ràn? Ṣé ètò ìṣirò owó ń ṣí? Windows 11 kò ní ẹ̀yà 32-bit, nítorí náà àwọn ètò àtijọ́ gan-an àti àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ti gbó lè kọ̀. Ó sàn kí ẹ mọ̀ ọ́n lórí ẹ̀rọ kan ju kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù dá iṣẹ́ dúró ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà.

Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ mẹ́fà máa gba fáìlì ńlá kan náà lórí fọ́ọ̀fàì. Ó lé ní 5 GB. Ẹ gbà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ Microsoft fúnra rẹ̀, sórí clé USB tó tó 8 GB, kí ẹ máa fi lọ láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ. Ẹ sì mọ bí iná ṣe ń ṣe ládùúgbò yín. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́ yìí, ẹ̀rọ lè kọ̀ láti jí. Onduleur tàbí bátìrì tó kún ni kí ẹ fi ṣe é.

Mo gbà pé iṣẹ́ ni gbogbo èyí, owó sì ni. Mo tún gbà pé ó ń bí ènìyàn nínú pé ilé iṣẹ́ kan tó wà ní Amẹ́ríkà lè jókòó kí ó sọ pé ẹ̀rọ tí a fi òógùn rà, tí kò bàjẹ́, ti di ohun àná. Ìbínú náà tọ́. Ṣùgbọ́n ìbínú kò dí ihò. Ẹni tó ń wá ìwé ìbí rẹ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́la kò mọ Microsoft. Ẹ̀yin ló mọ̀, ẹ̀yin ló fọkàn tán.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ wà ní òpópónà kan náà, ẹ jẹ́ ká ràn ara wa lọ́wọ́. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin lè pawọ́ pọ̀ gba fáìlì kan, kí wọ́n sì san owó iṣẹ́ fún ọ̀dọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ kan tí wọ́n mọ ilé bàbá rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin ni oníbodè ìsinsìnyí. Ẹ má fi clé USB olè ba orúkọ yín jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ìyá wa tí wọn kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Lónìí, kí ẹ tó ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń gbé owó yín. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti R pa pọ̀, ẹ kọ winver síbẹ̀, kí ẹ tẹ Enter. Ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀ ni yóò sọ ibi tí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe é, kí ó sọ fún àwa yòókù bó ṣe lọ sí àti iye tó ná an, kí ẹlòmíràn lè rí ọ̀nà.

Ajé á wá o. Ire.